Ẹyẹ Tí Kò Ní Òrùka

"Àtẹ́lẹwọ́ yín tutù jù," ni ìbọn náà wí fún ìgbà kẹta. "Ẹ gbé e lé mi dáadáa."

Tànímọ̀la, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí wọ́n kó wá láti Ìbàdàn, nu ọwọ́ sára ṣòkòtò rẹ̀, ó tún gbé e lé ìdí ìbọn. Ìbọn náà rò ó títí, bí ìyàwó tí wọ́n ń bẹ̀ kó padà sílé ọkọ. Níkẹyìn iná kékeré aláwọ̀ ewé tàn létí rẹ̀.

"Ẹ̀rù ló ń ba ọwọ́ ẹ," Ìyùnadé, ọmọbìnrin tó jù ú lọ, wí lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀rù kẹ̀? Ọyẹ́ ni."

"Ọyẹ́ tí kò tíì kúrò ní Sókótó ló ti ń mú ọ níbí?"

Bàbá Ọdẹ́sanmí jókòó sórí àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó na ẹsẹ̀ òsì tó ń dùn ún síwájú. Òun ni onígbọ̀wọ́ àwọn méjèèjì. Òfin Igbó kò gba ọ̀dọ́ láyè láti dá wọ Igbó Gbogbogbò, àfi kí àgbà ọdẹ kan tó ní ẹ̀gbà ìjọba lọ́wọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, kí àgbà náà má sì mú ìbọn dání. Ọdún kọkànlá rèé tí Bàbá ti ń rìn lẹ́yìn ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ òfo. Ó ti pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ó ti rẹ̀ ẹ́, kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń wò.

"Fọn ọ́n," ó wí fún Tànímọ̀la.

Ọmọ náà fa fèrè tó wà lọ́rùn rẹ̀ yọ, ó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Kò pẹ́ tí koríko fi mì. Àparò bí mẹ́wàá sáré jáde pẹ̀lú òrùka pupa lẹ́sẹ̀, wọ́n na ọrùn gùn bí adìẹ tó gbọ́ tí wọ́n ń gbọn àgbàdo nínú igbá. Inú ẹ̀rọ ni wọ́n ti pa ẹyin wọn, ìró fèrè yìí ni wọ́n sì fi ń pè wọ́n wá jẹun láti ọjọ́ tí wọ́n ti jáde nínú èèpo ẹyin. Ọ̀kan rìn títí dé ìdí Tànímọ̀la, ó ń ṣá okùn bàtà rẹ̀ jẹ.

"Bàbá, ṣé kí n yìn ín báyìí?"

"Sún sẹ́yìn ná. Bí o bá yìn ín níbẹ̀ yẹn, ẹsẹ̀ rẹ lo máa gbé délé."

Ọmọ náà fi ẹ̀yìn rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ẹyẹ náà tẹ̀ lé e. Ó tún sún. Ẹyẹ náà tún tẹ̀ lé e. Ìyùnadé bú sẹ́rìn-ín, ó yíjú kúrò. Nígbà tí ìbọn dún, àwọn àparò yòókù fò díẹ̀, wọ́n balẹ̀, wọ́n sì padà wá wá àgbàdo.

"Ẹyẹ kan, òrùka pé," ni ìbọn wí. "Àrìnpa o, ọdẹ!"

Wọ́n ti gba ohùn àgbà ọdẹ kan tó ti kú sínú àwọn ìbọn yẹn kí wọ́n lè máa kí ènìyàn bí ọdẹ ṣe ń kí ara wọn. Bàbá Ọdẹ́sanmí mọ olóhùn náà dáadáa. Nígbàkigbà tó bá gbọ́ ọ, ó máa ń ṣe é bíi kó dáhùn. Láyé àtijọ́, ó rò nínú ara rẹ̀, ajá tó máa sọnù ni kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Láyé tiwa yìí, ẹyẹ tó máa kú ló ń gbọ́ ọ.

Tànímọ̀la gbé ẹyẹ rẹ̀ sókè fún àwòrán. Àṣá ìjọba tó ń rà bàbà lókè, irin tí kò tóbi ju àwo ìjẹun lọ, sọ̀ kalẹ̀, ó ya àwòrán náà, ó sì gòkè padà.

"Mo ti di ọdẹ!"

"Gbogbo àparò ló ga dọ́gba, Tànímọ̀la," Ìyùnadé wí. "Orí ebè ìjọba lo dúró lé."

"Ìwọ tí o ti wà níbí láti ìjẹta, ẹyẹ rẹ dà?"

Ìyẹn dùn ún. Ó pa ẹnu mọ́. Bàbá náà gbọ́ ọ, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni Ọjọ́ Ọ̀dọ́ nínú ọdún, òní ló sì parí. Nígbà tí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá lù, gbogbo ìbọn á ti ara wọn pa. Ìyùnadé ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Kí Ọjọ́ Ọ̀dọ́ mìíràn tó yípo, ó ti di àgbà lójú òfin. Ilé-ẹ̀kọ́ Olùṣọ́ Igbó kì í sì í gba ẹnikẹ́ni tí kò bá mú òrùka ẹyẹ kan wá, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa nígbà ọ̀dọ́. Bí kò bá rí ti òní, iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ló kù: kó máa ti òwúrọ̀ dé alẹ́ nu ojú sólà, pẹ̀lú korobá àti àkísà, ní gbogbo pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó ti jẹ́ oko iṣu nígbà kan. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ti tẹ̀ bí dòjé.

"Ìyùn," Bàbá wí, "gba fèrè lọ́wọ́ ọmọ yìí. Ìṣẹ́jú kan ni, ká lọ sílé."

"Bàbá, mi ò lè ṣe é. Bí ẹni pe ọmọ wá jẹun, tó bá wá dé, kí ó fọ́ ọ létí ni."

"Ẹni tó bá pe ọdẹ ní ìkà, kó wo inú ìkòkò ara rẹ̀."

"Mi ò pe ọdẹ ní ìkà. Ẹ jẹ́ ká dé ìdí àpáta ìwọ̀-oòrùn. Ẹ̀yin náà sọ pé ibẹ̀ ni àparò fẹ́ràn jù láyé yín."

"Láyé mi. Ayé mi kọ́ nìyí."

Ṣùgbọ́n ó ti dìde. Wọ́n ní kí Tànímọ̀la lọ dúró nínú ọkọ̀ lẹ́nu géètì, òun náà ò sì kọ̀, nítorí bisikíìtì wà nínú ọkọ̀. Bàbá àti Ìyùnadé wá kọrí sí ìwọ̀-oòrùn. Wọ́n rìn fún nǹkan bíi wákàtí kan. Ní gbogbo ìgbà tí Bàbá bá dúró mí, ọmọbìnrin náà á ṣe bí ẹni tó ń tún okùn bàtà so, kó má bàa dà bí ẹni pé ó ń dúró dè é. Bàbá rí i. Ọmọ tó mọ ìwà hù ni.

Lábẹ́ igi òrí tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Budó-Alágbọ̀n ni Bàbá ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tọdún yìí fún oṣù méjì gbáko. Mẹ́fà ni wọ́n. Ó yẹ kó kọ́ wọn ní fèrè fífọn, ìyẹn ni ìwé ìjọba wí. Ó fi ọjọ́ kan péré kọ́ wọn nìyẹn, nítorí kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀ tí òmùgọ̀ kò lè mọ̀. Nígbà tó kù, ó kọ́ wọn ní ìpè gidi, bí akọ àparò ṣe ń ké lówùúrọ̀ láti sọ fún akọ mìíràn pé ilẹ̀ yìí ti ní onílẹ̀. Èèyàn á di ọwọ́ méjèèjì bí igbá, á mí sínú rẹ̀ láàárín àtàńpàkò, ahọ́n á sì máa lu ẹ̀yìn eyín iwájú. Bàbá fúnra rẹ̀ kò lè ṣe é mọ́. Ọdún méje ti lọ tí eyín iwájú rẹ̀ mẹ́rin ti jáde. Ẹnu ló fi ń júwe rẹ̀, bí afọ́jú tó ń júwe ọ̀nà ilé rẹ̀: "Kò gbọdọ̀ dùn. Kó há bí ohùn ẹni tó ń bínú." Àwọn márùn-ún rẹ́rìn-ín, ó sú wọn, wọ́n lọ. Ìyùnadé dúró.

Kí ló dé tó fi kọ́ wọn ní ohun tí kò wúlò? Ẹyẹ inú ẹ̀rọ kò gbọ́ èdè yẹn, kò ní ìyá tó kọ́ ọ. Àwọn tó gbọ́ ọ ti kú tán. Iná, májèlé, àti sólà ti jẹ wọ́n run. Bàbá rò pé òkú èdè lòun ń kọ́ ọmọ, òkú èdè kì í sì í pa ènìyàn.

"Bàbá," Ìyùnadé wí nígbà tí wọ́n dé ìdí àpáta, "bí mo bá pè é tí mo tún yìn ín, ti ta ni?"

"Tìrẹ lẹ́ẹ̀mejì." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Èèyàn méjì ló máa ń lọ, torí ẹni tó ń pè é ti fi ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu. Ọ̀kan á pè, ọ̀kan á yìn. Ẹni tó pè é ló ni ín. Ẹni tó yìn ín, irin lásán ló gbé. Nígbà tí wọ́n ń ṣe Òfin Igbó, wọ́n pe àwa àgbà mẹ́fà sí Ìbàdàn, wọ́n fún wa ní ẹlẹ́rìndòdò tútù, wọ́n ní kí a mú àṣà kan wá kí òfin lè dà bí tiwa. Èyí la mú wá. Wọ́n kọ ọ́ sí ìlà kọkàndínlógún: ẹni tó pe ẹyẹ ló pa á."

"Àṣà kan ṣoṣo?"

"Ẹlẹ́rìndòdò kan ṣoṣo náà ni wọ́n fún wa."

Ìyùnadé gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó di ọwọ́, ó sì pè.

Bàbá di ojú. Ó há. Ó ń bínú. Ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n tán. Ó dúró díẹ̀, ó tún pè. Kò sí ohun tó dáhùn ju afẹ́fẹ́ tó ń fi koríko gbígbẹ ra ara wọn. Ó pè lẹ́ẹ̀kẹta.

Nígbà náà ni nǹkan kan dá a lóhùn láti ẹ̀yìn àpáta.

Bàbá Ọdẹ́sanmí rò pé etí òun ló ń tàn òun jẹ. Arúgbó a máa gbọ́ ohùn òkú, kì í ṣe tuntun. Ṣùgbọ́n Ìyùnadé náà ti yí orí padà, ojú rẹ̀ tóbi. Ó pè. Ohùn náà dáhùn. Ó ti sún mọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ kan péré ló yẹ kí Bàbá sọ. "Dúró." Ọmọdé kò lè mọ̀, òun mọ̀. Kò sí ẹyẹ ìjọba tó lè dáhùn ìpè yẹn. Àkókò wà láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá ti kọjá tó ti gbọ́ ohùn yẹn kẹ́yìn, ìyá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà láyé nígbà náà, ó sì fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́ẹ̀kan péré. Ó pa ẹnu mọ́ kó lè gbọ́ ọ.

Ẹyẹ náà ké. Koríko là. Àparò náà ta sókè pẹ̀lú ariwo ìyẹ́ tó ń já àyà, ó gba ẹ̀gbẹ́ oòrùn lọ. Ìyùnadé ti já ọwọ́ kúrò lẹ́nu, ìbọn ti dé èjìká, Bàbá kò tilẹ̀ rí bó ṣe ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló yìn. Ẹyẹ náà ká ara rẹ̀ lófuurufú, ó sì já bọ́.

Láti ìgbà tí Bàbá ti ń ṣọdẹ, kò tíì rí èyí tó dára tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ kékeré.

"Bàbá! Ẹ rí i? Ẹ rí i bó ṣe dìde?" Ìyùnadé ń sáré, ó ń fò ré koríko kọjá. Ó gbé ẹyẹ náà sókè. Ó kéré sí ti Tànímọ̀la, ó pọ́n, ara rẹ̀ le bí okùn. Ẹ̀kànnà méjì méjì wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀.

"Ẹyẹ aláìlórùka," ni ìbọn wí. Kò kí i. "Ẹ dúró síbi tí ẹ wà."

Iná aláwọ̀ ewé náà kú. Lókè, àṣá ìjọba fi ibi tó wà sílẹ̀, ó wá dúró sórí wọn gan-an.

Ẹ̀rín ojú ọmọ náà kò tètè lọ. Ó dúró níbẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn. "Bàbá... ṣebí wọ́n ní wọ́n ti tán?"

"Èmi ni mo ní wọ́n ti tán." Bàbá jókòó sílẹ̀. "Jókòó, Ìyùn. Olùṣọ́ igbó ń bọ̀. Kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Gbọ́ mi."

"Kí ni wọ́n máa ṣe fún mi?"

"Ọ̀dọ́ tó bá pa ẹyẹ aláìlórùka kò gbọdọ̀ wọ igbó títí yóò fi pé ọgbọ̀n ọdún. Ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, kò ní rí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láéláé."

Ọmọ náà wo ẹyẹ ọwọ́ rẹ̀. Bàbá sì wo ọmọ náà. Èyí tó kọ́gbọ́n jù nínú mẹ́fà ni òfin fẹ́ jẹ. Ká ní ó fọn fèrè bí òmùgọ̀, ìbọn ì bá ti kí i. Ta ló sì kọ́ ọ? Ẹni tó bá kọ́ ọmọ ní odò wíwẹ̀ níbi tí ọ̀nì wà, tó ní ọ̀nì ti kú, kí ni wọ́n ń pe olúwa rẹ̀?

"Èmi ni mo pè é," Bàbá wí.

"Kí lẹ wí?"

"Bí wọ́n bá dé, èmi ni mo pè é. Ìwọ yìn ín torí mo ní kí o yìn ín. Ìlà kọkàndínlógún. Ẹni tó pè é ló pa á. O ò jẹ̀bi ohunkóhun."

Ìyùnadé dìde dúró. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ pè é."

"Mo mọ̀."

"Èmi ni mo pè é, Bàbá. Oṣù méjì. Ètè mi ṣẹ̀jẹ̀. Ó dá mi lóhùn. Èmi ló dá lóhùn!" Ó na ẹyẹ náà sí i. "Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ fún wa lábẹ́ igi yẹn: ẹni tó jí ẹran ọdẹ, ẹran á tán nínú ìkòkò, ọ̀rọ̀ á tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó jí ìpè ọdẹ, olè tí kò lópin ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni mo wí."

"Ẹ tún wá fẹ́ jí tèmi. Ẹyẹ mi àkọ́kọ́."

"Mo fẹ́ jí i." Bàbá fi ọwọ́ nu ojú. Eruku ló wà níbẹ̀, tàbí nǹkan mìíràn. "Wò ó, ọmọ mi, mo gbọ́ nígbà tó dáhùn. Mo mọ ohun tó jẹ́. Mo lè dá ọ dúró. Mi ò dá ọ dúró, torí ó ń dùn mọ́ mi létí. Ẹ̀ṣẹ̀ mi wà níbẹ̀, kì í ṣe tìrẹ. Jẹ́ kí n gbé èyí tó jẹ́ tèmi."

"Tẹ́ ẹ bá gbé e, kí ni wọ́n máa ṣe fún yín?"

Bàbá fi ìka yí ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ká. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n: àgbà tó bá pe ẹyẹ aláìlórùka, wọ́n á gé ẹ̀gbà rẹ̀, kò sì ní wọ igbó mọ́ títí yóò fi kú. Bàbá ń rò ó lọ́wọ́. Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó jí ní Budó-Alágbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbé e wá síbí. Ibo ni yóò máa gbé e lọ lọ́la?

Koríko mì. Lánípẹ̀kun, olùṣọ́ igbó, jáde síta. Ẹni bí ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ṣá. Lábẹ́ igi òrí kan náà lòun náà ti kẹ́kọ̀ọ́, ní àkọ́kọ́ nínú gbogbo wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku kó tó rántí iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú igbó o, Bàbá."

"O ṣé, Lánípẹ̀kun. Ìyá ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Orúnkún ni wọ́n ń ráhùn sí." Ó ti rí ẹyẹ náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan kàn án, bí ẹni tó ń kan ọmọ tó sùn. Ó pẹ́ kó tó dìde. "Bàbá, ṣé wọ́n ṣì wà ni?"

"Wọ́n wà."

"Mélòó?"

"N kò mọ iye tí wọ́n jẹ́. Mo mọ̀ pé ó ti dín ọ̀kan."

Lánípẹ̀kun mí kanlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè, àṣá sì sọ̀ kalẹ̀ sí àárín wọn, ó dúró ní ìwọ̀n àyà. "Òfin ní kí n béèrè. Ta ló pè é?"

"Èmi," Bàbá wí. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn àṣá náà. Irin náà gbóná.

Lánípẹ̀kun wò ó. Ó wo ẹnu rẹ̀. Ó rọ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí irin gbọ́. "Eyín wo lẹ fi pè é, Bàbá?"

"Èyí tó kù."

"Bàbá..."

"Lánípẹ̀kun, ṣé o fẹ́ ka eyín àgbàlagbà ni àbí o fẹ́ ṣiṣẹ́ rẹ?"

Olùṣọ́ igbó náà yíjú sí Ìyùnadé. "Ẹni tó yìnbọn gbọ́dọ̀ jẹ́rìí. Gbé ọwọ́ lé e. Ta ló pe ẹyẹ yìí?"

Ó gbé ọwọ́ lé e. Àṣá náà ń kùn bí oyin. Bàbá kò wò ó, kó má bàa dà bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ṣe é bíi kó sọ pé, "Sọ òtítọ́, ọmọ mi, sọ ọ́, kí ọ̀rọ̀ yìí tán." Ó tún ṣe é bíi kó rán an létí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Kò sọ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

"Bàbá ni," Ìyùnadé wí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń pọ eegun tó há a lọ́fun.

"A gbọ́," ni àṣá wí, ó sì fò lọ.

Nǹkan tó kù kò pẹ́ rárá. Lánípẹ̀kun fi ẹyẹ náà sínú àpò tó ní èdìdì. Ó mú ẹ̀mú kékeré kan yọ lápò. Ó gé ẹ̀gbà náà tì nígbà àkọ́kọ́.

"Yára," Bàbá wí. "Ó ti rẹ̀ mí."

Ẹ̀gbà náà já. Ibi tó ti wà funfun, awọ ibẹ̀ rọ̀ bí ti ọmọ tuntun.

"Òrùka ẹyẹ kan ló kù kí ọmọ yìí rí," Bàbá wí. "Agogo mélòó ló lù?"

"Agogo kan ti kọjá."

"Kò ní onígbọ̀wọ́ mọ́. Ìwọ ní ẹ̀gbà."

Lánípẹ̀kun dorí kodò, ó bọ́ fèrè ọrùn rẹ̀ fún ọmọ náà. "Màá dúró fún un."

Ìyùnadé gbé ìbọn rẹ̀, tí iná rẹ̀ ti padà tàn, ó sì kọjú sí ibi tí àwọn ẹyẹ olórùka wà. Kò wẹ̀yìn.

Bàbá dá rìn dé géètì. Ó rìn jẹ́jẹ́, torí kò sí ìdí kankan tó fi yẹ kó yára. Nígbà tó jáde, géètì náà tì lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sọ ohunkóhun fún un. Tànímọ̀la jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, èérún bisikíìtì kún àyà rẹ̀.

"Bàbá, ṣé wọ́n lé yín ni?"

"Wọ́n ní kí n lọ sinmi."

"Ṣé òótọ́ ni pé ẹyẹ igbó lẹ rí? Ọkọ̀ yìí ló sọ ọ́. Ṣé ó dùn ju tèmi lọ?"

"Ìwọ ni wàá jẹ tìrẹ. Tiwa ti lọ sí ọ́fíìsì."

Ọmọ náà rò ó wò. "Ó dáa tí mo fọn fèrè, àbí?"

"Ó dáa," Bàbá wí, ó sì jókòó sínú koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó fi ẹ̀yìn ti òpó. Ó ń tẹ́tí. Agogo mẹ́ta kọjá. Igbó dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé ọmọ náà kò ní yìn ín, pé olè jíjà náà á ṣòfò. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ìbọn, ẹ̀ẹ̀kan. Ó yẹ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kò balẹ̀, ó kàn wà níbẹ̀.

Ìyùnadé jáde pẹ̀lú àparò kan tó sanra lọ́wọ́ kan, òrùka pupa lọ́wọ́ kejì. Lánípẹ̀kun dúró nínú géètì, ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá láti ibẹ̀, ó sì padà sínú igbó. Ọmọbìnrin náà wá dúró síwájú Bàbá. Kò kúnlẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan ni mo fọn ọ́n," ó wí. "Ó wá bá mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lé e kó lè fò. Kò fò. Mo gbọn koríko lù ú. Ó rò pé oúnjẹ ni. Ó dúró, ó ń wò mí."

Bàbá ń wo òrùka pupa náà.

"Ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan fún yín, Bàbá, mi ò ní sọ ọ́ mọ́ láyé mi. Olè ni yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ìyùnadé fi òrùka náà sápò. "Ẹ ṣeun."

Ó kọjá lára rẹ̀, ó wọ inú ọkọ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Tànímọ̀la, ó sì gbé ojú sí òdìkejì. Ọkọ̀ náà, tí kò ní awakọ̀, tan ara rẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn," ni ọkọ̀ wí.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ Ìyùnadé ni ilẹ̀kùn náà wà. Kò tì í.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn. A ti fẹ́ máa lọ."

"Arìnrìn-àjò kan kù," Ìyùnadé dá a lóhùn, kò sì yíjú. "Àgbàlagbà ni. Dúró."

Bàbá Ọdẹ́sanmí fi ọwọ́ di òpó mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Ó gbà á ní àkókò. Ọkọ̀ náà tún béèrè lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé ibẹ̀.